“Ikú Yá Ju Ẹ̀sín Lọ”: Ohun tí Ìtàn Kòso Sọ sí Òwe Náà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò léèrè ìdí tí Ṣàngó fi pokùnso nínú eré *Ọba Kò So* tí Dúró Ládiípọ̀ kọ, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni òwe àwọn àgbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Yóò kọ òwe náà sílẹ̀, yóò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn. A ti ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, a sì ti fún un ní máàkì, nítorí pé kò ṣàìtọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó túbọ̀ ń hàn sí wa pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn Kòso, bí a bá fi sùúrù tẹ̀ lé e dé òpin, kò ti òwe náà lẹ́yìn rárá. Ńṣe ni ó ń já a nírọ́. A óò ṣe àyẹ̀wò ìtàn náà, a óò fi àwọn ìtàn Ọ̀yọ́ mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, a óò sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí a lè mọ ohun tí lítíréṣọ̀ wa ní í sọ nípa ọ̀rọ̀ tí ń dun ni àti bí a ti ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn.

Irú ọ̀rọ̀ tí ń dun ni

Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe. Ìdí nìyí tí orúkọ tí a ní fún ọ̀rọ̀ búburú fi pọ̀. Èébú wà, ẹ̀gàn wà, èpè wà, ẹ̀sín sì wà. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn.

Èébú ni ọ̀rọ̀ tí a sọ lu ara ènìyàn. A lè bú u ní orí, a lè bú u ní ẹnu, a lè bú ìyá tàbí baba rẹ̀ mọ́ ọn. Irọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tí ń búni àti ẹni tí a ń bú ni wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rẹ́ fi lè bú ọ̀rẹ́ kí àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Èpè ní tirẹ̀ kò bìkítà nípa ohun tí ènìyàn jẹ́ lónìí. Ohun tí a fẹ́ kí ó dà lọ́la ni ó ń wí. Ẹ̀gàn ni kí a wo ohun tí ó tóbi, kí a pè é ní kékeré.

Ẹ̀sín yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹ̀sín kì í sábà jẹ́ irọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn lóòótọ́ ni a mú, tí a sọ di ohun ẹ̀rín, ní àkókò tí ojú rẹ̀ kò gbà á. Ẹni tí a purọ́ mọ́ lè jà, ó lè pe ẹlẹ́rìí, ó lè búra. Ẹni tí a fi òtítọ́ rẹ́rìn-ín kò ní ẹlẹ́rìí tí yóò pè, nítorí pé àwọn ẹlẹ́rìí gan-an ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí òwe náà fi sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, tí kò sọ pé ikú yá ju èébú.

Ọba so

Ìtàn Ṣàngó ti wà nínú ìwé tipẹ́tipẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1901, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, èyí tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, mú kí a tẹ̀ jáde ní 1921. Dúró Ládiípọ̀ sì gbé e sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963. Ní 1964 eré náà dé Berlin ní Jámánì. Ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, títí ikú fi mú un lọ ní 1978.

Ìtàn méjèèjì kò bá ara wọn mu lórí ohun tí ó fa ìparun ọba. Nínú ìwé Johnson, oògùn tí ń fa àrá ni Ṣàngó ń dán wò, àrá náà sì jó ààfin rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Nínú eré Ládiípọ̀, aáwọ̀ àwọn balógun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà, ni ó di wàhálà tí ọba kò lè yanjú. Igi òrí ni Johnson ní ó so sí. Àyàn ni àwọn ẹlòmíràn wí. Ibi tí àwọn ìtàn wọ̀nyí ti pàdé ni ó ṣe pàtàkì fún wa: kí Ṣàngó tó dé ìdí igi, ó ti di ẹni tí kò ní ẹnìkan. Nínú ìwé Johnson, àwọn tí ń tẹ̀ lé e padà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà, ojú sì ń tì í láti padà sílé. Nínú eré náà, Ọya pàápàá fi í sílẹ̀.

Nígbà náà ni ó so. Lẹ́yìn tí ó so tán ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà náà sì wá gba ìgboro: *Ọba so*.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo gbólóhùn náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí èpè, kò sí àfiwé kankan. Olùṣe kan ni, àti ìṣe kan. Síbẹ̀, ó mú ju abẹ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba kì í kú. Ọba a máa wàjà ni. Ọ̀wọ̀ tí a fi ń bo ikú ọba mọ́lẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi ẹnu lásán dárúkọ rẹ̀. Gbólóhùn ẹlẹ́yà yìí wá mú orúkọ tí ó ga jù lọ ní ìlú, ó sì dè é mọ́ ikú tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lójú àwọn ènìyàn. Ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ohun méjì tí kò yẹ kí wọ́n jókòó pọ̀ ni agbára rẹ̀. Èyí tí ó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé òtítọ́ ni.

Níbí yìí ni a ti rí i pé òwe wa kọsẹ̀. Ṣàngó sá fún ẹ̀sín lọ sínú ikú. Inú ikú náà gan-an ni ẹ̀sín ti jáde wá pàdé rẹ̀. Bí kò bá so, ta ni ìbá lè wí pé ó so? Ikú kò pa ẹ̀sín lẹ́nu mọ́. Ikú ni ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ.

Ọba kò so

Ta ni ó wá pa ẹ̀sín lẹ́nu mọ́? Àwọn alààyè ni: àwọn ọ̀rẹ́ àti ọmọlẹ́yìn ọba tí wọn kò lè fara da ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní ìgboro. Ìdáhùn wọn ni gbólóhùn tí ó di orúkọ eré náà: *Ọba kò so*.

Wọn kò bú ẹnikẹ́ni padà nínú gbólóhùn yìí. Wọn kò ka ogun tí Ṣàngó jà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ki oríkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́yà gan-an ni wọ́n gbà lẹ́nu wọn, wọn kò yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, sílébù kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un. Gírámà èdè wa ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, nítorí pé àárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni *kò* máa ń jókòó sí. Àárín ọgbẹ́ náà gan-an ni a fi oògùn sí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ bí ìyísódì ti lè ṣiṣẹ́ nínú lítíréṣọ̀ kò ní rí àpẹẹrẹ tí ó kúrú tó èyí, tí ó sì lágbára tó o.

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi wa ni pé, ṣé kì í ṣe irọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ ọba ń pa? Ó so, wọ́n ní kò so. Ìdáhùn wa ni pé ẹjọ́ ni gbólóhùn náà ń dá. Kì í ṣe ẹ̀rí ni ó ń jẹ́. Nígbà tí ẹni rere bá lọ, tí ó fi ọmọ sílẹ̀, a máa ń wí pé bàbá kò kú. Gbogbo wa mọ̀ pé a ti sin bàbá. Ohun tí a ń wí ni pé a kò gbà kí ikú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nípa rẹ̀. Bákan náà ni ti Ṣàngó. Ẹni tí ó wí pé *ọba so* fẹ́ kí a fi wákàtí tí ó kẹ́yìn ayé ọba pe gbogbo ayé rẹ̀. Ẹni tí ó wí pé *ọba kò so* kọ̀ jálẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé orúkọ ìlú ni Kòso jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé *Ọba Kòso* túmọ̀ sí ọba tí ó jẹ ní Kòso. Ohùn méjèèjì dọ́gba. Etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ba èrò wa jẹ́. Ńṣe ni ó túbọ̀ fi ọgbọ́n àwọn ènìyàn hàn, pé wọ́n gbọ́ orúkọ ìlú kan, wọ́n sì gbọ́ ìtùnú nínú rẹ̀. Ìtùnú náà sì ti rìn jìnnà. Àwọn ẹrú gbé e kọjá òkun. Títí di òní, *Obakoso* wà lára orúkọ ìyìn Ṣàngó ní Kúbà. Ní ọdún 2023, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí alámèyítọ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Johnson sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e: àwọn ọ̀rẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá, wọ́n kọ́ bí a ti ń fa àrá, nígbà tí wọ́n sì dé, iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé káàkiri ìlú títí àwọn ènìyàn fi gbà pé ọba ni ó ń bínú. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí ni wọ́n wá di Mọ́gbà, alágbàwí láàárín àwọn ènìyàn àti Ṣàngó. Bí a bá gba ìtàn yìí, a jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ yóò gbà pé ọba kò so, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ yí padà. Nítorí náà ni a fi fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀: gbólóhùn tí ìfẹ́ sọ, àti agbára tí a fi tì í lẹ́yìn nígbà tí ó yá. Èkínní ni ó jẹ́ ìwòsàn.

Àléébù kejì ni ó dun ni jù. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó dé. Àwọn tí wọ́n lè wí pé *ọba kò so* lẹ́yìn ikú rẹ̀ lè wí i lójú ọ̀nà, nígbà tí ọba ṣì ń rìn. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ti dúró tì í títí dé ìdí igi náà, bóyá à bá má ní eré náà lónìí, ṣùgbọ́n à bá ní ọba.

Ọ̀yọ́ tuntun: ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kòso ní ayé àtijọ́ tún rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ayé òde òní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Àṣà sọ pé Olókùn Ẹṣin gbọ́dọ̀ bá ọba rìn. Aláṣẹ òyìnbó kò jẹ́ kí ó lọ. Ọmọ rẹ̀ ni ó kú dípò rẹ̀. Ládiípọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré *Ọba Wàjà* ní 1964. Wọlé Ṣóyínká náà fi ṣe eré Gẹ̀ẹ́sì, *Death and the King's Horseman*, ní 1975.

Nínú eré Ṣóyínká, Ìyálọ́jà wá bá Ẹlẹ́ṣin nínú àhámọ́. Kò gbé idà wá, ọ̀rọ̀ ni ó gbé wá, kò sì sí irọ́ kan nínú ohun tí ó sọ. Ó sọ fún ọkùnrin náà ohun tí ó ti dà, lẹ́yìn náà ni a ṣí aṣọ kúrò lójú òkú ọmọ rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń jiyàn lórí òyìnbó àti àṣà ilẹ̀ wa nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún ka ìran náà gẹ́gẹ́ bí ìran ọ̀rọ̀ lásán. Nínú gbogbo àwọn tí ó dúró nínú yàrá náà, kò sí ẹnìkan tí ó lè fi *kò* sí àárín ohun tí a ń sọ.

Aólẹ̀ àti Abíọ́dún

Àwọn kan lè wí pé ọba tí ó bá ní ọkàn lè dá ọ̀rọ̀ padà fúnra rẹ̀. Ìtàn Aláàfin Aólẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, fi hàn wá ibi tí èyí lè já sí. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, Baálẹ̀ Àpòmù ti na Aólẹ̀ nígbà kan rí, kí ó tó jọba, nítorí pé ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú. Aólẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tí ó gorí ìtẹ́, tí a bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, Baálẹ̀ náà ni ó dárúkọ. Bí ó ti ń gbé ọgbẹ́ àtijọ́ kiri báyìí ni ó fi bá àwọn ìjòyè àti Àfọ̀njá jà, títí wọ́n fi fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú igbá náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó rí i mọ ohun tí ó wí: orí ọba ni wọ́n fẹ́ rí nínú rẹ̀.

Ìdáhùn Aólẹ̀ ni èpè. Ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù àti sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a óò gbà kó àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́rú lọ. Ó sì fọ́ àwo mọ́lẹ̀, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣeé rán ṣùgbọ́n àwo kò ṣeé rán. Kí ọ̀rọ̀ òun rí bí àwo. Lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Níhìn-ín, ọfà náà kì í ṣe àfiwé mọ́. A kò wí pé èpè ni ó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká. Ìjà àwọn ìjòyè àti ọ̀tẹ̀ Ìlọrin tó bẹ́ẹ̀ láìsí èpè. Ohun tí a ń wí ni pé ọkàn kan tí ó gbọgbẹ́, tí kò rí ẹni tí yóò bá a wò ó, mú gbogbo ìlú mọ́ ọgbẹ́ rẹ̀.

Abíọ́dún, tí ó jẹ ṣáájú Aólẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ẹni tí ó ti ka *Baṣọ̀run Gáà*, eré tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1972, mọ irú ènìyàn tí Gáà jẹ́ sí àwọn ọba. Awọ́nbíojú kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Johnson ní 130 ọjọ́ péré ni ó lò lórí ìtẹ́. Abíọ́dún dọ̀bálẹ̀. Ó ń lọ kí i ní òwúrọ̀, ó sì ń gbé àbùkù náà mì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pe èyí ní sùúrù, wọn a sì dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù Abíọ́dún kì í ṣe ti ẹni tí ó dá wà. Ní òru ni ó jáde lọ bá orúkọ rẹ̀, Adégoolú, ní Àkàlà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ lọ bá Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́. Ní 1774 ni agbára Gáà dópin. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ṣàn lọ́jọ́ náà, a kò sì fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí ó rí ibi tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní òru lè fara da ojú mọ́ tí ó ń bọ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́: ọ̀rọ̀ tí ó dé ṣáájú

Bí ìtùnú Kòso bá pẹ́ kí ó tó dé, ǹjẹ́ a ní lítíréṣọ̀ tí ìtùnú inú rẹ̀ kì í pẹ́? A ní in, ó sì wà nítòsí.

Ìtàn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá ń tọ́ka sí i. Wọ́n ní ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni Ògúnlọlá ọdẹ nígbà tí a mú un lọ sọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Níbẹ̀ ni a ti gbà á láyè láti lọ bá Ẹlẹ́mọ̀ṣọ̀ tí ń yọ ìlú lẹ́nu jà, ó sì gbé orí rẹ̀ bọ̀. Láti ara iṣẹ́ yìí ni wọ́n ní orúkọ ìlú náà ti wá. Orúkọ ẹ̀sùn kọ́ ni ìlú ń jẹ́ lónìí. Ẹnìkan fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ní àyè láti di nǹkan mìíràn nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó ni ó jẹ́ ẹ̀rí wa tí ó lágbára jù. Ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìsẹ́yìn àti ní agbègbè wọn, ọmọbìnrin tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún yìí láti ọ̀dọ̀ ìyá àti baba dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e. Ìwé ìdánwò a máa pè é ní ewì ìdágbére àti ìdúpẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wò ó bí ewì ìgbaradì. Ìyàwó a máa dárúkọ ohun tí ń bà á lẹ́rù: ilé àjèjì, ìyáálé, àwọn ẹbí ọkọ, ẹnu tí yóò máa bú u, àgàn tí wọ́n lè pè é bí ọmọ bá pẹ́. Ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ sí i, ní ilé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí ó dùn. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ni ìyá, baba àti àwọn àgbà sì ń wúre fún un. Ọ̀rọ̀ tí yóò dùn ún ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà ní etí rẹ̀.

A kò ní ṣàì sọ pé ewì kan náà a máa dá ọgbẹ́ sí ara ẹlòmíràn. Ìyàwó tí ń yin ara rẹ̀ pé òun pa ara òun mọ́ a máa fi àwọn ọmọbìnrin tí kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ní ojú agbo, bóyá nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dúró níbẹ̀ tí ó ń gbọ́. Èyí kò yẹ kí a fi pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi hàn pé ẹnu tí a tù nínú kò ṣàìlè ṣe ẹnu tí ń ṣá ni lọ́gbẹ́.

Lóde òní, orí ìtàgé àti ọjọ́ àṣà ní ilé-ìwé ni a ti sábà ń gbọ́ ẹkún ìyàwó. Alága ìjókòó àti alága ìdúró ni wọ́n ń darí ètò ìgbéyàwó. A kò sunkún nítorí èyí. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa pé, níbo ni ọ̀dọ́ ti ń gbọ́ ìdáhùn ṣáájú ọ̀rọ̀ nísinsìnyí?

Fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ kan pe ọmọ kan ní olódo nítorí pé ó gba òdo nínú ìṣirò. Òdo ni ó gbà lóòótọ́. Kíláàsì sọ ọ̀rọ̀ náà di orin, a sì kọ ọ́ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ní ọjọ́ kẹta kò wá mọ́. Àwa tí a kọrin kò rò ó rárá. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń jókòó ni ó lọ bá a nílé, tí ó wí fún un níwájú ìyá rẹ̀ pé, “Olódo kọ́ ni ẹ́, ìwọ lo kọ́ mi ní àlọ́ tí mo pa tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ fún mi.” Ó padà wá. Ìṣirò rẹ̀ kò dára sí i ní ọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó padà wá. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí a tó mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó kọ́ wa ní ìtumọ̀ *Ọba kò so*, àti pé àwa ni a wà ní ipò àwọn tí ń wí pé *ọba so*.

Nítorí náà, ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè lórí eré Ládiípọ̀ kò gbọdọ̀ dúró sórí òwe. Kí ó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀sín ni *Ọba so*, àti pé òtítọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mú kí ó dunni. Kí ó fi hàn pé lẹ́yìn ikú ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ikú kò gba ọba lọ́wọ́ ẹ̀sín. Kí ó ṣe àlàyé iṣẹ́ tí *kò* ń ṣe nínú ìdáhùn àwọn ọ̀rẹ́. Kí ó sì sọ ẹni tí ó sọ ọ́: kì í ṣe ẹni tí a ṣá lọ́gbẹ́, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kọ èyí ti ka eré náà.

Ọ̀ràn yìí kò sì parí sínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn tí ó gba ẹ̀mí ara wọn ní ọdún 2021 lé ní 700,000, ikú yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ó ń pa àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 jù lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń jókòó níwájú wa ni wọ́n wà ní ọjọ́ orí náà, àwa ni a sì ń fi òwe kọ́ wọn pé ikú yá ju ẹ̀sín. Bí a bá ti kọ òwe náà sójú pátákó, kí a má ṣe nù ún kúrò kí a tó kọ ìtàn Kòso sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé òpin. Ẹnìkan ṣoṣo kì í jẹ́ àwá dé. Ọba tí ó dá rìn ni ó dé ìdí igi. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó padà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kù tí a ń sọ títí di òní, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́.